Ibi tí Ẹsẹ̀ ti Yọ̀: Ìtàn Ẹrẹ̀ Yìnyín lórí Ọ̀nà Ọkọ̀ Òfuurufú, láti Munich dé Chicago

Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ òfuurufú àti yìnyín. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ, n kò sì wá síbí láti kọ́ awakọ̀ òfuurufú ní iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó fà mí dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé iṣẹ́ ẹ̀rí àti iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni mo ti ń ṣe láti ọdún gbọọrọ: ta ni ó sọ ìtàn, ìgbà wo ni ó sọ ọ́, kí ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí, kí ni ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, irú ọ̀rọ̀ wo ni ó sì fi gbé e kalẹ̀. Nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀mí ènìyàn so mọ́ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Orúkọ rere ọkùnrin kan náà sì so mọ́ wọn fún ọdún 11.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé kí ẹni tí ó ṣubú má wo ibi tí ó ṣubú sí, ibi tí ó ti yọ̀ ni kí ó wò. Mo fẹ́ kí a fi òwe yìí ṣe ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ wa lónìí. Nínú ìtàn ọkọ̀ òfuurufú, ibi tí ọkọ̀ ṣubú sí ni gbogbo ayé máa ń rí, nítorí ibẹ̀ ni iná ti ń jó, tí èéfín ti ń rú. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀ kì í pẹ́ tí ó fi ń parẹ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó yọ ọ́ jẹ́ ohun tí oòrùn lè yọ́.

Ọ̀rọ̀ Orúkọ

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ilẹ̀ wa kò mọ òtútù tí ń sọ omi di òkúta lójú ọ̀nà. Yìnyín tí àwọn baba wa mọ̀ ni èyí tí ń bá òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tí àwọn ọmọdé máa ń sáré ṣà sẹ́nu kí ó tó yọ́. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì dé ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ nípa èyí tí ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú, wọ́n pè é ní òjò dídì. Lẹ́nu àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ìlú òyìnbó, yìnyín ni gbogbo rẹ̀. Ìyẹn tó fún ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tí ó fẹ́ gbé ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀.

Fún ìdí èyí, mo bẹ̀bẹ̀ kí a ya mẹ́rin sọ́tọ̀. Òjò dídì ni èyí tí ó rọ̀ tí kò tíì yọ́. Ìrì dídì ni èyí tí ó bò ojú nǹkan ní òwúrọ̀ bí ẹfun. Omi dídì ni èyí tí ó le gbagidi, tí ó ń dán bí dígí. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó ti ń yọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì di omi tán, tí ó rí ṣákaṣàka bí ẹ̀kọ tí a kò rò jinná. Èyí ni èmi yóò máa pè ní ẹrẹ̀ yìnyín. Òun gan-an ni ọ̀daràn inú ìtàn mi, ó sì pẹ́ kí a tó dá a mọ̀, nítorí pé kò ní ìrísí ohun tí ó lè pa ènìyàn.

Ọjọ́ 6, Oṣù Kejì, Ọdún 1958

Ní ọjọ́ náà, ọkọ̀ òfuurufú ilé iṣẹ́ British European Airways kan, irú èyí tí a ń pè ní Ambassador, ń kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Manchester United bọ̀ láti Belgrade. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, wọ́n ti gbá ọ̀mì góòlù 3 sí 3 pẹ̀lú ẹgbẹ́ Red Star, wọ́n sì ti yege láti tẹ̀síwájú nínú ìdíje fún ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù. Ọkọ̀ náà yà sí pápákọ̀ Riem ní ìlú Munich, ní Jámánì, láti rọ epo. Ènìyàn 44 ni ó wà nínú rẹ̀. James Thain ni ọ̀gákọ̀. Kenneth Rayment, tí òun náà jẹ́ ọ̀gákọ̀, ni ó di ọkọ̀ mú lọ́jọ́ náà, tí ó sì jókòó sí àga apá òsì, àga tí ó yẹ kí Thain jókòó sí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sáré láti gbéra, tí wọ́n sì dáwọ́ dúró, nítorí pé agbára ẹ́ńjìnnì kò dúró déédéé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nǹkan bí agogo 3 ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n tún gbá a mú. Iṣẹ́ Thain ni láti máa ka ìyára ọkọ̀ sókè. Gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́rìí, ìyára náà gòkè dé nọ́ọ̀tì 117, èyí tí í ṣe nǹkan bí kìlómítà 217 ní wákàtí kan. Ní ibẹ̀, àyè láti tún dúró ti tán. Ohun tí ó kù ni kí ọkọ̀ fi díẹ̀ kún ìyára rẹ̀, kí ó sì gbéra. Dípò èyí, ìyára náà lọ sílẹ̀ sí 112, ó sì tún lọ sílẹ̀ sí 105. Ọ̀nà, tí gígùn rẹ̀ kò pé mítà 2,000, tán nílẹ̀. Ọkọ̀ náà já ọgbà kọjá, ó sọdá títì, apá rẹ̀ lu ilé kan, ara rẹ̀ sì lu àgọ́ onípákó tí epo àti táyà wà nínú rẹ̀. Iná sọ.

Ènìyàn 23 ni ó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Agbábọ́ọ̀lù 8 wà nínú wọn, oníròyìn 8 sì wà nínú wọn. Duncan Edwards, ọmọ ọdún 21, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà, bá ikú jìjàkadì fún ọjọ́ 15 kí ó tó jáwọ́. Rayment náà kú ní ilé ìwòsàn. Thain yè é. Bí ó ti yè é náà ni ó di ẹni tí gbogbo ìka nà sí.

Ẹ̀rí Tí A Rí Lórí Apá Ọkọ̀

Àwọn olùwádìí Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Olórí wọn dé ibi tí ọkọ̀ wó sí ní nǹkan bí wákàtí 6 lẹ́yìn ìjàm̀bá. Ó gbọn òjò dídì tí ó wà lórí apá ọkọ̀ kúrò, ó sì rí omi dídì lábẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìpinnu ti wá: yìnyín orí apá ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Nígbà tí ìwé ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1959, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Àwòrán kan tún ti ìdájọ́ náà lẹ́yìn. Wọ́n ya àwòrán náà nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró ní pápá, ó sì jọ pé òjò dídì wà lórí apá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó so mọ́ ìpinnu yìí. Bí ó bá jẹ́ yìnyín orí apá ni, ọ̀gákọ̀ ni ó jẹ̀bi, nítorí ojúṣe rẹ̀ ni láti rí i pé apá ọkọ̀ mọ́ kí ó tó gbéra. Bí ó bá jẹ́ ẹrẹ̀ yìnyín ilẹ̀ ni, ìbéèrè náà yóò kan àwọn tí ọ̀nà wà lọ́wọ́ wọn. Ìdí ìjàm̀bá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan, nígbà náà. Ó ní ilé tí yóò wọ̀ sí.

Nínú iṣẹ́ tiwa, bí ẹnìkan bá gbé oríkì kan wá tí ó ní àtijọ́ ni, a máa ń bi í léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n gbà á sílẹ̀, lẹ́nu ta ni, kí ni ó sì ti wọ inú rẹ̀ láti ìgbà náà. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a gbà lónìí lè gbé ìpele mẹ́ta lérí ara wọn: ti baba, ti ọmọ, àti ti ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Apá ọkọ̀ tí ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ òjò dídì fún wákàtí 6 rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tí a bá lórí rẹ̀ ní alẹ́ lè jẹ́ ti agogo 3 ọ̀sán, ó sì lè jẹ́ ti agogo 8 alẹ́. Ẹni tí kò bá ya ìpele sọ́tọ̀ kúrò lára ìpele yóò fi ọ̀rọ̀ ọmọ sí baba lẹ́nu.

Ìbéèrè kejì wà tí ó yẹ kí etí gbọ́ nínú ẹ̀rí Thain fúnra rẹ̀. Ó ní ìyára lọ sílẹ̀. Yìnyín orí apá a máa dí ọkọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra ju bí ó ti ń fà á sẹ́yìn lọ. Bí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, bá ń pàdánù ìyára, ó yẹ kí a wo ilẹ̀.

Thain kò panu mọ́. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ dá a dúró pátápátá ní ọdún 1960. Nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó jẹ́ kí Rayment jókòó sí àga tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó gba oko adìẹ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń kó ẹ̀rí jọ. Àwọn ará Jámánì tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní ọdún 1965. Wọ́n gbà pé ẹrẹ̀ yìnyín kó ipa tirẹ̀, síbẹ̀ wọ́n dúró lórí yìnyín apá gẹ́gẹ́ bí olórí ìdí. Ní ọdún 1968, ìjọba Bìrìtìkó gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Edgar Fay, ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní ọdún 1960. Àwọn wọ̀nyí padà sí ìpilẹ̀ àwòrán yẹn, èyí tí a ń pè ní nẹ́gátíìfù, wọ́n sì rí i pé òjò dídì kò hàn lórí apá ọkọ̀ nínú rẹ̀. Ìtànṣán oòrùn ni ó tàn lára rẹ̀. Nígbà tí ìwé wọn jáde ní oṣù Kẹfà, ọdún 1969, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹrẹ̀ yìnyín ni ó fa ìjàm̀bá náà, pé ó ṣeé ṣe kí yìnyín apá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò dájọ́, àti pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Thain.

Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá ni Yorùbá ń pè ní àgbà òṣìkà. Ó gba ọdún 11 kí a tó gbọ́ tẹnu ẹnìkejì. Thain kú ní ọdún 1975. Kò padà sí iṣẹ́ awakọ̀ lọ́dọ̀ wọn mọ́.

Ohun Tí Ẹrẹ̀ Yìnyín Ń Ṣe

Kí ni ó mú kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí a tó gbà? Mo rò pé ìrísí rẹ̀ ni. Ènìyàn lè fi bàtà lásán rìn nínú ẹrẹ̀ tí kò ju ìbú ìka kan lọ, kí ó má sì rò ó sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ wọ inú omi òjò títì rí mọ̀ bí omi ti ń gba agbára lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Táyà ní láti ti ẹrẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó kọjá. Bí ìyára bá di ìlọ́po 2, ìfàsẹ́yìn náà kì í di ìlọ́po 2. Ìlọ́po 4 ni ó máa ń súnmọ́. Ẹrẹ̀ tí táyà sì ta sókè tún ń lu ikùn àti apá ọkọ̀, ó ń kún ìfàsẹ́yìn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ jẹ́jẹ́, ẹrẹ̀ náà kò ní hàn bí ọ̀tá. Ní òpin eré, nígbà tí ìyára ti ga tí àyè sì ti ń tán, ni yóò gba ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Apá ìkẹyìn ọ̀nà sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn kì í dé kí wọ́n tó gbéra. Nítorí náà, ẹrẹ̀ ibẹ̀ lè wà láìfọwọ́kàn nígbà tí táyà ti tú ti ìbẹ̀rẹ̀ ká. Ẹni tí ó bá ní àwọn ọkọ̀ mìíràn gbéra lọ́jọ́ kan náà láìsí wàhálà sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ rẹ̀ kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Láàárín ọdún tí Thain ń jà yìí ni ìmọ̀ náà ń gbòòrò. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú àti NASA mú ọkọ̀ ńlá kan, Convair 880, lọ sí Atlantic City ní ọdún 1961. Wọ́n da ẹrẹ̀ yìnyín sí ojú ọ̀nà, wọ́n sì ń gbá ọkọ̀ náà kọjá nínú rẹ̀ léraléra láti wọn ìfàsẹ́yìn. Láti inú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ ti wá pé kí ọkọ̀ ńlá má ṣe gbéra bí ẹrẹ̀ náà bá ti ju mìlímítà 13 lọ. Ẹ wo bí ó ti kéré tó. Kò tó gígùn èékánná àtàǹpàkò mi.

Láti Gbígbéra sí Bíbalẹ̀

Ẹnìkan lè ní, bí ẹrẹ̀ yìnyín bá ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ ni nígbà tí ọkọ̀ bá ń balẹ̀, nítorí dídúró ni ọkọ̀ tí ó balẹ̀ ń wá. Ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀ ni. Ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró ni bí táyà ti ń di ilẹ̀ mú, bíréèkì kò sì lè ṣe ju ohun tí táyà bá dì mú lọ. Ní ọdún 1963, àwọn olùwádìí NASA, Walter Horne àti Robert Dreher, tẹ ìwé kan jáde tí ó sọ ìdí rẹ̀. Bí táyà bá ń sáré ju ìwọ̀n kan lọ lórí omi tàbí ẹrẹ̀, omi kò ní ráyè sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Táyà náà yóò gun orí omi, kò sì ní kan ilẹ̀ mọ́. Wọ́n tún rí i pé ìyára tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ wà lọ́wọ́ agbára afẹ́fẹ́ inú táyà. Bí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ pọ́n-ùn 100 lórí ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, ní nǹkan bí nọ́ọ̀tì 90 ni táyà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ń balẹ̀ ní ìyára tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ olótùútù nìkan. Òjò oṣù Kẹfà ní Ìkẹjà lè ṣe ohun kan náà sí táyà láìsí ẹ̀kán yìnyín kan. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń la ojú ọ̀nà ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí omi lè ríbi sá gbà.

Ọ̀nà 3 ni awakọ̀ fi ń dá ọkọ̀ dúró. Ó ń gbé àwọn pákó orí apá dìde, kí ìwúwo ọkọ̀ lè bọ́ sórí táyà. Ó ń lo bíréèkì, tí ẹ̀rọ kan ń ṣọ́ kí táyà má baà dúró gbagidi kí ó sì máa yọ̀. Ó sì ń yí afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì padà síwájú, kí ó ti ọkọ̀ sẹ́yìn. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, bíréèkì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Lórí omi dídì, bíréèkì di aláìlágbára, ẹ́ńjìnnì sì di olórí.

Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta ní Chicago

Mo dé ibi tí ó kan olùkọ́ èdè jù. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, ọdún 2005, ọkọ̀ Boeing 737 ti ilé iṣẹ́ Southwest ń balẹ̀ ní pápákọ̀ Midway ní Chicago. Òjò dídì ń rọ̀, ọ̀nà ibẹ̀ kúrú, ilé àti títì sì yí i ká. Afẹ́fẹ́ ń ti ọkọ̀ náà láti ẹ̀yìn. Àwọn awakọ̀ tí ó balẹ̀ ṣáájú ti ròyìn bí bíréèkì ti ń mú. Ìlànà ìgbà náà ni pé kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ bíi "ó dára", "ó ṣe díẹ̀" àti "kò dára". Ìròyìn tí ó dé etí àwọn awakọ̀ náà dà pọ̀: ó ṣe díẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́, kò dára ní ìdajì kejì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, kí ni "ó ṣe díẹ̀"? Lẹ́nu ta ni? Ẹni tí ó fi ọkọ̀ kékeré balẹ̀ lórí ọ̀nà gígùn àti ẹni tí ó fi ọkọ̀ ńlá balẹ̀ lórí ọ̀nà kúkúrú, ṣé ohun kan náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ìyá kan bá ní ọbẹ̀ ta díẹ̀, ẹni tí ó mọ ìyá náà nìkan ni yóò mọ iye omi tí yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ sọ fún wọn pé bí bíréèkì kò bá tilẹ̀ dára, àyè yóò kù, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ìṣirò náà gbára lé e pé wọn yóò tètè yí afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì padà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 18 kọjá lẹ́yìn tí táyà kanlẹ̀ kí èyí tó ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ náà kọjá òpin ọ̀nà, ó já ọgbà, ó wọ títì, ó sì lu ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Ọmọdékùnrin ọdún 6 tí ó wà nínú rẹ̀ kú. Àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà dá awakọ̀ lẹ́bi ìfàsẹ́yìn yẹn, ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n tún wo ìlànà ilé iṣẹ́ náà, wọ́n wo ìṣirò inú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì wo ọ̀nà tí a ń gbà ròyìn ipò ilẹ̀. Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1959.

Láti inú ìbànújẹ́ Chicago ni ìgbìmọ̀ kan ti jáde tí ó ṣe òdiwọ̀n tuntun. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2016. Àjọ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé, ICAO, sì sọ irú rẹ̀ di ti gbogbo ayé ní ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021. A pín ọ̀nà sí ipa 3, a sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 6 dé 0. 6 ni ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹrẹ̀ yìnyín tí ó ju mìlímítà 3 lọ sọ ọ́ di 2. Omi dídì sọ ọ́ di 1. Omi dídì tí omi tún dúró lé lórí ni 0, ọkọ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ balẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ ń wo ohun tí ó wà níbẹ̀, ó ń wọn jíjìn rẹ̀, ó sì ń sọ nọ́ńbà. Awakọ̀ ń gbọ́ nọ́ńbà kan náà, ó sì ń fi ṣe ìṣirò. Ní Midway fúnra rẹ̀, wọ́n tẹ́ kọnkéré fúyẹ́ tí ń rún lábẹ́ táyà sí òpin ọ̀nà, kí ó lè mú ọkọ̀ tí kò bá rí ara rẹ̀ dá dúró.

Àgbálọgbábọ̀

Ọdún 63 ni ó wà láàárín Munich àti òdiwọ̀n ọdún 2021. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìbéèrè tí a bi ni pé: ta ni ó jẹ̀bi? Ní òpin rẹ̀, ìbéèrè ti di: mìlímítà mélòó ni, níbo ni, ta ni ó sì wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní àyè tirẹ̀, n kò sọ pé kí a má bi í. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi í ṣáájú, ó máa ń yan ẹ̀rí tí yóò dá a lóhùn, ó sì máa ń fi ìyókù sílẹ̀ kí oòrùn yọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ní New York tàbí ní Chicago gan-an. Bí ẹ bá ń bẹ̀ wọ́n wò ní oṣù Kìn-ín-ní, tí ọkọ̀ yín sì ń yí po lórí awọsánmà nítorí pé wọ́n ń ro ọ̀nà nísàlẹ̀, ẹ má bínú sí ìdádúró náà. Ẹnìkan wà nísàlẹ̀ nínú òtútù tí ó tẹ̀ ba, tí ó ń wọn ẹrẹ̀ tí kò ju ìbú ìka lọ. Agbábọ́ọ̀lù 8, oníròyìn 8, àwọn ẹlòmíràn tí ó bá wọn lọ ní Munich, àti ọmọ ọdún 6 kan ní Chicago wà lára ohun tí ó ná ayé kí ẹni náà tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun wọ̀n ọ́n.